Ọkọ̀ Ìyá Oníkòkò àti Ọ̀rọ̀ Ṣáàsì

Orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀ ni Moufoutaou, lẹ́tà mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ìjọba ti tò wọ́n sílẹ̀ ní Treichville ní ọdún 1934. Kò sí ẹni tí ó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní Koumassi Remblais, àdúgbò wa ní Abidjan. Àwọn àgbà ń pè é ní Mufú. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní Ọ̀gá Mufú. Àwọn Dioula tí wọ́n ń ta ohun èlò ọkọ̀ àlòkù ń pè é ní Kọ̀rọ̀, èyí tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ní èdè wọn. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń ṣe. Òpópónà kan náà ni a jọ ń gbé, ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sì wà ní ìkángun rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo kọ síhìn-ín jẹ́ ohun tí mo fi ojú ara mi rí, tàbí èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an.

Ìgbòho ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Aṣọ ni bàbá rẹ̀ ń tà ní ọjà Treichville, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà jókòó ti aṣọ. Ọmọ náà kò gbà. Ọdún méjì péré ni ó lò ní ilé ẹ̀kọ́. Ó mọ lẹ́tà, ó mọ nọ́ńbà, ó lè fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lójú ìwé títí yóò fi pè é jáde, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ Faransé tí a kọ sílẹ̀ sábà máa ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ Òkéwùmí, mẹkáníìkì ará Ọ̀yọ́ kan ní Williamsville, ó sì lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀. Ó gba òmìnira ní 1958. Ó wá bá ilé iṣẹ́ agégẹdú kan lọ sínú igbó, ó ń tún ọkọ̀ agbégi ṣe fún wọn fún ọdún mọ́kànlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 ni ó dá ibi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní òpópónà wa.

Ibi iṣẹ́ náà kò tó nǹkan: òpó mẹ́rin, páànù mẹ́jọ lórí wọn, àti iyanrìn nísàlẹ̀, nítorí iyanrìn tí wọ́n kó dí ẹrẹ̀ etí ọ̀sà ni gbogbo Remblais. Mo ka ohun èlò rẹ̀ nígbà kan tí mo ń dúró kí ó bá mi tún kẹ̀kẹ́ mi ṣe: jáàkì méjì; òòlù mẹ́ta; sípánà méjìdínlógún tí ó fi kọ́ sára pákó láti orí kékeré dé orí ńlá; fáìlì mẹ́rin; okùn òwú kan; àti okùn olójé kan, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wò bóyá ògiri dúró ṣánṣán. Òkéwùmí ti kọ́ ọ pé ojú a máa purọ́ ṣùgbọ́n okùn kì í purọ́. N kò gbọ́ ọ rí kí ó sọ pé "ó tó" láì kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ìwà yìí ni ó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn olùkọ́ náà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1971 ni Raliatou mú ọkọ̀ rẹ̀ wá. Opó ni Raliatou, ọmọ Ìsẹ́yìn, ìkòkò ni ó ń tà, nítorí náà a ń pè é ní Ìyá Oníkòkò. Ó máa ń kó ìkòkò láti Grand Marché, ọjà ńlá Treichville, lọ sí àwọn ọjà abúlé tí ó wà ní ìhà Alépé. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí a fi tápólì bò lẹ́yìn, irú èyí tí ará Abidjan ń pè ní báàṣé, ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Kò ní òmíràn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ikùn ọkọ̀ náà a máa jókòó sórí ẹrẹ̀ ọ̀nà abúlé, gbogbo ìkòkò a sì di rírù lórí.

"Mufú," ni ó wí, "gbé e sókè fún mi. Mo fẹ́ kí ewúrẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìtẹríba."

"Ìyá, ṣé ọkọ̀ ni ẹ ń wá ni, àbí àtẹ̀gùn?"

"Èyíkéyìí tí ó bá ti lè dé Alépé."

Moufoutaou gbé e sókè. Kí òǹkàwé lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ní láti sọ bí ó ṣe gbé e. Gbogbo ara ọkọ̀ akẹ́rù jókòó lórí irin gígùn méjì tí a ń pè ní ṣáàsì. Lábẹ́ ṣáàsì ni rẹ̀sọ́ọ̀ wà, irin pẹlẹbẹ mélòó kan tí a tò lé ara wọn bí ewé tí a dì, tí wọ́n ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ kòtò. Lábẹ́ rẹ̀sọ́ọ̀ iwájú ni ọ̀pá irin ńlá tí táyà iwájú méjèèjì wà ní ìkángun rẹ̀. Moufoutaou fi irin pẹlẹbẹ kan kún rẹ̀sọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan. Orí rẹ̀sọ́ọ̀ tí ó kọjú síwájú fi irin kúkúrú méjì kọ́ sára ṣáàsì. Ó yọ ìsorọ̀ kúkúrú wọ̀nyí, ó fi èyí tí ó gùn jù wọ́n lọ rọ́pò wọn. Ó wá kó táyà tí ó tóbi ju ti àtijọ́ sí i. Ọkọ̀ náà fi ìbú ìka mẹ́rin ga sí i. Raliatou yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ní ewúrẹ́ yóò kọjá.

Ìrìn àjò kan ṣoṣo ni ó rìn kí Issiaka, awakọ̀ rẹ̀, tó wà á padà wá sí ibi iṣẹ́.

"Ọ̀gá Mufú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ yín ga lóòótọ́. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà mọ́."

"Kí ni ó ṣe?"

"Ohun tí kò ṣe ni kí ẹ béèrè, ìyẹn ni yóò yá wa parí. Bí mo bá yí i, táyà a ké bí àgbò iléyá. Bí mo bá dojú rẹ̀ kọ iwájú, igbó ni ó ń wá lọ. Bí mo bá fà á kúrò nínú igbó ọ̀tún, ó di igbó òsì. Láti Alépé dé ibí ni èmi àti ìtọ́kọ̀ ti ń jà. Ẹ wo apá mi."

"Ṣé kì í ṣe pé ò ń sùn?"

"Ẹni tí ó ń sùn kì í pariwo bí mo ti pariwo, ọ̀gá."

Moufoutaou pín ẹ̀sùn náà sí mẹ́ta: igbe táyà, etí táyà tí òun fúnra rẹ̀ rí pé ó ti ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ inú, àti ọkọ̀ tí kì í lọ tààrà. Ó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún àkọ́kọ́, ó rán ìránṣẹ́ sí mi pé kí n fún òun ní ẹfun ìkọ̀wé, mo sì fi ìdajì páálí kan ránṣẹ́. Ó fi ẹfun náà kun ojú táyà méjèèjì títí wọ́n fi funfun, ó ní kí Issiaka yí ìtọ́kọ̀ dé òpin ọ̀tún, kí ó tún yí i dé òpin òsì, lẹ́yìn náà ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo ibi tí ẹfun ti lẹ̀. Ní apá òsì, ó lẹ̀ mọ́ etí irin tí ó bo táyà lórí. Ní apá ọ̀tún, ó lẹ̀ mọ́ rẹ̀sọ́ọ̀. Ó fi òòlù ká etí irin náà wọlé. Ó tú nọ́ọ̀tì kékeré tí ń dá táyà dúró níbi tí ó ti yẹ kí ó yí mọ, ó fà á jáde díẹ̀, kí táyà má baà lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀sọ́ọ̀ mọ́. Igbe dákẹ́.

Fún ẹ̀kejì, ó fi okùn wọn àlàfo tí ó wà láàárín táyà méjèèjì ní iwájú, ó tún wọ̀n ọ́n ní ẹ̀yìn. Iwájú ṣí ju ẹ̀yìn lọ, bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ó yí irin tí ó so wọ́n pọ̀ títí iwájú fi fi mílímítà méjì há ju ẹ̀yìn lọ. Ìyẹn náà tọ́.

Ẹ̀kẹta kò gbọ́ oògùn. Issiaka wà á dé ìkángun òpópónà, ó padà, ó mi orí. Moufoutaou wà á fúnra rẹ̀, ó padà, òun náà mi orí.

"Ìyá," ni ó sọ fún Raliatou, "mo ti ṣe méjì, ó ku ọ̀kan, n kò sì mọ̀ ọ́n. Garáàjì kan wà ní Zone 3 tí ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iwájú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí Issiaka gbé e lọ. Ohun tí wọ́n bá rí, èmi ni n ó tún un ṣe."

Ní ọjọ́ Ajé ni Issiaka gbé e lọ. Nígbà tí ó dé, Raliatou ti jókòó sórí àga gbọọrọ tí ó wà ní ibi iṣẹ́, Yessoufou sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ajórin ni Yessoufou, ọmọ Sakété, ibi iṣẹ́ rẹ̀ dojú kọ ti Moufoutaou. Ó mọ iná lò dáadáa. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò rí àrùn irin kan rí tí iná kò lè wò.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Moufoutaou béèrè.

"Wọ́n ní ṣáàsì ni," ni Issiaka dáhùn. "Ẹni tí ó wọ̀n ọ́n pè é sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣáàsì. Wọ́n ní kí a tún un ṣe."

Yessoufou lu itan. "Ṣé mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́? Ẹrẹ̀ Alépé ti ká a. Ìyá Oníkòkò, n ó gé e níbi tí ó ti ká, n ó nà án, n ó jó o padà. Ẹ kò ní mọ̀ pé ó já rí."

"Èmi yóò mọ̀," ni Moufoutaou wí.

"Ìwọ? Ìwọ tí o gbé ọkọ̀ sókè bí ẹni gbé ọmọ, tí o wá gbàgbé láti kọ́ ọ ní ìrìn?"

"Mufú," ni Raliatou wí, ohùn rẹ̀ kò le, "mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó sọ̀rọ̀ yìí. Okùn òwú kò lè bá ẹ̀rọ jiyàn. Bó bá di Sátidé tí ọkọ̀ yìí kò tọ́, Yessoufou yóò gé e. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Sátidé ni ọjà Alépé, àwọn oníbàárà mi ń retí mi."

Nígbà tí Moufoutaou sọ fún mi pé nǹkan mẹ́ta ni ó wà nínú ewu, báyìí ni ó ṣe tò wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀mí ènìyàn: nínú igbó, ó ti rí ọkọ̀ tí wọ́n gé ṣáàsì rẹ̀, tí wọ́n jó o padà, tí ó tún já níbi ojú jíjó náà gan-an lórí òkè, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kejì ni oúnjẹ Raliatou: àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìjọba lọ́dọọdún lè má jẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rìn mọ́, kò sì ní òmíràn. Ẹ̀kẹta ni orúkọ òun fúnra rẹ̀, nítorí ọwọ́ òun ni ó gbé ọkọ̀ náà sókè. Ó fi orúkọ rẹ̀ ṣe ìkẹyìn, mo sì gbà pé òtítọ́ ni ó sọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú okùn. Ó na okùn láti igun ṣáàsì kan sí igun tí ó dojú kọ ọ́ ní ìdábùú, ó so kókó sí i. Ó tún nà án láàárín igun méjì yòókù. Kókó bọ́ sí ibì kan náà. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kókó kò sún. Bí ṣáàsì bá ká, okùn méjèèjì kò lè dọ́gba láé.

Ó jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó gbọn iyanrìn lára, ó ké sí Issiaka.

"Ìwé dà?"

"Ìwé wo, ọ̀gá?"

"Ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó wọn ọkọ̀ a máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Issiaka ronú. Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó wá inú àpò ìwé ọkọ̀, kò rí i, ó wá yọ bébà kan jáde láti inú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Obì ni ó fi wé. Lẹ́yìn tí wọ́n gbọn obì dànù, wọ́n rí ìkọ̀wé dúdú kan, ìlà kan péré: *Chasse nulle. À reprendre.*

Moufoutaou fi ìka tọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì. Àwo irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí a lù mọ́ ara ọkọ̀, níbi tí ó ti máa ń ṣe àdàkọ nọ́ńbà ṣáàsì nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ lọ síbi àyẹ̀wò ìjọba. Ó gbé bébà náà ti àwo irin. Bí ó ti ń fi nọ́ọ̀tì méjì wéra, kí ó mọ̀ bóyá eyín wọn bára mu, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fi ọ̀rọ̀ méjèèjì wéra ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún àkọ́kọ́ bára mu. Ti bébà wá parí sí *e*; ti àwo irin parí sí *is*. Ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà mẹ́fà, èkejì jẹ́ méje.

"Issiaka," ni ó wí, "ọ̀rọ̀ méjì ni."

Ó yẹ kí n ṣe àlàyé díẹ̀ níhìn-ín, nítorí àṣìṣe yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Faransé a máa pe *châssis*, wọn kì í sì pe *s* tí ó kẹ́yìn rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ó dé etí wa bí ṣáàsì. Wọn a tún máa pe *chasse*, tí ó parí ṣọ́ńṣọ́ sórí *s*. Ahọ́n Yorùbá kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí sórí irú ohùn bẹ́ẹ̀; ó ní láti fi *ì* tì í lẹ́yìn kí ó má baà ṣubú. Bí *chasse* ṣe di ṣáàsì nìyẹn. Ẹni tí kò ka ìwé rí lè gbọ́ méjèèjì láti àárọ̀ dé alẹ́ kí ó má mọ̀ pé ènìyàn méjì ni wọ́n, tí wọ́n wọ ẹ̀wù kan náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, ó mú bébà náà tọ̀ mí wá.

"Mẹ́tìrì," ni ó wí, bí wọ́n ti ń pe olùkọ́ ní ọ̀dọ̀ wa, "ẹ kú ìsinmi. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́tà mẹ́fà."

Mo mọ ọ̀rọ̀ náà láìṣí ìwé, ṣùgbọ́n mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, kí n lè dáhùn bí ó ti tọ́. Mo kà á fún un ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé: èkíní, ọdẹ ṣíṣe, èkejì, ìlépa, ẹ̀kẹta, omi tí ń ya wálẹ̀ ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òyìnbó. Mo ní *nulle* túmọ̀ sí pé kò sí, *à reprendre* sì ni kí a tún un ṣe.

Ó ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìka.

"Ọdẹ, ìlépa, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀," ni ó wí. "Mẹ́tìrì, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọkọ̀ Ìyá Oníkòkò kò ní?"

Mo sọ fún un pé n kò mọ̀. Mo tún fi kún un pé ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣí nígbà náà, àti pé n ó bá a lọ sí Zone 3.

Mouritala ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kọ ìwé náà. Adjamé ni wọ́n bí i sí, Ṣakí ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ó sì ti gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Yorùbá yé e dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbé e tó etí rẹ̀.

"Mais non, tonton!" ni ó pariwo nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gé ọkọ̀. "Mo kọ chasse. N kò kọ châssis. Châssis là, ó dáa, impeccable!"

"Ọmọ mi, mo ti mọ̀ pé ó dáa. Okùn ti sọ fún mi. Kí ni táyà wá ń dọdẹ?"

Mouritala rẹ́rìn-ín títí. Ó fa kẹ̀kẹ́ ọlọ́dẹ ilé wọn wá.

"Ẹ wo vélo. Irin tí ó mú táyà iwájú yìí, ṣé ó dúró báyìí?" Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán. "Non. Orí rẹ̀, ó... ó sùn sẹ́yìn."

"Ó fì sẹ́yìn," ni Moufoutaou tún un ṣe fún un.

"Voilà, ó fì sẹ́yìn. Ẹ wò ó."

Ó di àga kẹ̀kẹ́ náà mú, ó tì í síwájú láìfọwọ́ kan ibi tí a ti ń darí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà lọ tààrà, táyà iwájú ń tẹ̀lé e bí ọmọ tí ó mọ ọ̀nà ilé. Ó wá fà á sẹ́yìn: táyà iwájú yí dànù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"C'est ça, la chasse. Bí orí irin bá fì sẹ́yìn díẹ̀, táyà mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Lára ọkọ̀ yín, irin tí táyà iwájú ń yí lé lórí, ó yẹ kí ó fì tó degré mẹ́ta. Mo wọ̀n ọ́n: zéro. Ó dúró bí òpó iná."

Moufoutaou na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú bí ẹni pé rẹ̀sọ́ọ̀ ni, ó sì rọra tẹ ìka rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìsorọ̀ ni," ni ó wí. "Mo fi ìsorọ̀ gígùn sí orí rẹ̀sọ́ọ̀ níwájú. Orí rẹ̀sọ́ọ̀ lọ sílẹ̀, ó yí ọ̀pá táyà síwájú pẹ̀lú ara rẹ̀. Kò sí ẹrẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sí Alépé. Èmi ni mo ṣe é."

Ó sọ ọ́ níwájú Mouritala, ó sọ ọ́ níwájú mi, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mouritala kọ́ ọ ní àtúnṣe rẹ̀: kí ó fi irin pẹlẹbẹ kan, tí ìkángun rẹ̀ kan nípọn ju èkejì lọ, há àárín rẹ̀sọ́ọ̀ àti ọ̀pá táyà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ọ̀pá náà lè yí padà sí ipò rẹ̀. Káàlì ni wọ́n ń pe irú irin bẹ́ẹ̀.

Láti ọ̀sán ọjọ́bọ̀ náà ni Moufoutaou ti ń fi fáìlì ha irin. Rẹ̀sọ́ọ̀ àlòkù kan ni ó gé káàlì méjèèjì láti inú rẹ̀. Ìwọ̀n wọn nìyí, bí ó ti fi ẹfun kọ wọ́n sára pákó sípánà: gígùn, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ìkángun tí ó nípọn, mílímítà méje, ìkángun tínrín, mílímítà méjì, ihò kan láàárín. Ó dáwọ́ dúró ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ láti lọ kírun, ó padà, ó sì ń bá a lọ. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ jáde ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣí gbàgede oní-sìmẹ́ńtì wa fún un, nítorí ìwọ̀n orí iyanrìn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Níbẹ̀ ni ó ti ṣe àṣìṣe kejì. Ó rò ó pé níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé iwájú ni ó lọ sílẹ̀, iwájú ni ó yẹ kí irin nípọn sí. Ó di gbogbo nọ́ọ̀tì, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó fi okùn olójé wò ó láti orí irin tí táyà ń yí lé dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orí irin náà ti tún fì síwájú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Issiaka gbé ọwọ́ lé orí. "Ọ̀gá, ọ̀la ni Sátidé o."

"Ọ̀la kò tíì dé. Gbé jáàkì wá."

Ó yọ wọ́n, ó yí wọn padà, ìkángun tí ó nípọn sí ẹ̀yìn, ó tún dì í. Òjé okùn wá rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdí irin náà, ní ìwọ̀n tí Mouritala sọ. Ó wọn ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó bára mu. Ó wọn àlàfo táyà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ohun tí a bá sún níbì kan lè sún òmíràn. Ó wá fọ ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀rọ omi àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Yessoufou fi ọmọlanke ti agolo gáàsì rẹ̀ wá. Ó ti fi ẹfun fa ìlà méjì sára ṣáàsì níbi tí yóò ti gé e. Raliatou dé, ó dúró, kò jókòó.

"Ìyá," ni Moufoutaou wí, "ẹ wọ ọkọ̀. Ìrìn kan ṣoṣo. Bí kò bá lọ tààrà, èmi ni n ó bá Yessoufou di irin mú."

"Jẹ́ kí ó tètè lọ kí ó tètè bọ̀," ni Yessoufou wí. "Gáàsì kì í dúró de ẹni tí ń ṣeré."

Issiaka ni ó wà á, Raliatou wà láàárín, Moufoutaou wà lẹ́bàá fèrèsé. Ọ̀nà tí ó lọ sí Port-Bouët gùn, ó sì tẹ́. Ohun tí wọ́n sọ nínú ọkọ̀, ẹnu Raliatou ni mo ti gbọ́ ọ, Issiaka kò sì jiyàn rẹ̀.

"Sọ ìtọ́kọ̀ sílẹ̀," ni Moufoutaou pàṣẹ.

"Ọ̀gá, mo ní ìyàwó méjì o."

"Kò sí èyí tí ó wà níbí nínú wọn. Sọ ọ́ sílẹ̀."

Issiaka gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Raliatou bẹ̀rẹ̀ sí ké sí Ọlọ́run. Ọkọ̀ náà kọjá òpó iná kan, ó kọjá èkejì, ó di méje kí Moufoutaou tó ní kí ó di ìtọ́kọ̀ mú. Kò wá igbó ọ̀tún, kò wá ti òsì. Níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀, Issiaka yí i dé òpin ní ìhà méjèèjì, Moufoutaou sì yọ orí síta, ó ń tẹ́tí. Táyà kò ké. Nígbà tí Issiaka tún sọ ìtọ́kọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà, ó yí padà sí àárín fúnra rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, Raliatou sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá Yessoufou.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ gbé iná yín padà. Ọkọ̀ mi ń lọ sí Alépé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú egungun rẹ̀ pípé."

Yessoufou kò bínú. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde pẹ̀lú iyanrìn lórí. "Mufú, kí ni ó dé tí ibi tí ó nípọn fi wà lẹ́yìn?" Moufoutaou bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka yàwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún un, àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán.

Láti ọdún náà ni àwọn mẹkáníìkì Yorùbá ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ti ń pe ọ̀kan ní ṣáàsì irin, tí wọ́n ń pe èkejì ní ṣáàsì ọdẹ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Moufoutaou ń ṣiṣẹ́ lọ níbẹ̀ títí di 1979, nígbà tí mo kó kúrò ní òpópónà náà, kò sì gba ìròyìn ẹnu lọ́wọ́ awakọ̀ kankan mọ́ láìrí ìwé.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì ìdánwò náà, mo rí i tí ó ń jáde lọ pẹ̀lú àpò sípánà rẹ̀. Mo bi í léèrè ibi tí ó ń lọ ní ọjọ́ ìsinmi. Ó ní ní ọdún tí ó kọjá, òun gbé ọkọ̀ kan sókè lọ́nà kan náà fún Ràímì, alágbàtà igi ìdáná ní Williamsville. Ó rí Ràímì ní iwájú ilé rẹ̀, bí ó ti sọ fún mi lẹ́yìn náà, Ràímì sì yà á lẹ́nu.

"Ọ̀gá Mufú, kí ni ẹ wá ṣe? N kò ránṣẹ́ pè yín. Ọkọ̀ mi ń lọ tààrà."

"Apá rẹ ni ó ń lọ tààrà," ni Moufoutaou dá a lóhùn. "Gbé e wá síbi ilẹ̀ tí ó tẹ́."